Àyẹ̀wò Ojúlé-dé-Ojúlé: Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Sọ nípa Kòrónà

Bí ẹnìkan bá bi yín léèrè lónìí pé ènìyàn mélòó ni àrùn Kòrónà mú nínú agbo ilé yín ní ọdún 2020, èsì wo ni ẹ ó fọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé kò mú ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn tí mo gbọ́ nìyẹn nígbà tí mo ń bi àwọn ará ilé wa ní Gàmbàrí, ní ìlú Ìlọrin, léèrè. Wọ́n ní Kòrónà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní àrùn àwọn olówó ni, àrùn àwọn tí ń wọ bàálù lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ìbéèrè náà padà, tí mo ní, "Ta ni ó wúkọ́ ní àsìkò òjò ọdún náà? Ta ni kò gbọ́ òórùn ọbẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan?" ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àárín ìdáhùn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí wà. Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi lè mọ ẹni tí àrùn kan ti dé ara rẹ̀ rí, bí ẹni náà kò tilẹ̀ mọ̀. Wọn kì í dúró de aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni wọ́n ń wá. Wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ̀jẹ̀ náà a sì sọ ohun tí ó ti kọjá. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wáyé ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2020, ohun tí ó sì fi hàn ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé lọ́la, ilẹ̀kùn ilé wa náà ni wọn yóò sì tún wá kàn.

Iye tí wọ́n ń kà lálaalẹ́

Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ìdí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà múlẹ̀: ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó bá bàálù wọ Èkó, tí ó sì gba ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ tiwa. Ilé ìwòsàn Sóbí ní Ìlọrin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí àrùn náà bá mú. Àjọ tó ń rí sí Ìdènà Àrùn ní Nàìjíríà, tí gbogbo wa mọ̀ sí NCDC, ń gbé iye jáde lálaalẹ́: ìpínlẹ̀ báyìí, ènìyàn báyìí, ìpínlẹ̀ báyìí, ènìyàn báyìí. Àwa tí òfin kónílé-ó-gbélé há mọ́lé ń gbọ́ ọ lórí rédíò bí ẹni ń gbọ́ èsì bọ́ọ̀lù.

Iye náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kó gbogbo òótọ́ já. Kí orúkọ ẹnìkan tó lè wọ inú ìwé wọn, ó ní láti ṣàìsàn débi tí yóò fi jáde nílé, tàbí kí ó ti bá ẹni tí ó ní àrùn náà ṣe pọ̀. Ó ní láti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní láti fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ha imú àti ọ̀fun rẹ̀ láàárín ìwọ̀nba ọjọ́ tí kòkòrò náà ṣì wà níbẹ̀, kí èsì sì padà wá. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sílé, tí ó mu àgbo, tí ó lo oògùn ibà, tí ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kò sí nínú iye. Ẹni tí kò tilẹ̀ dùbúlẹ̀ rárá kò sí nínú iye. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2020, gbogbo àwọn tí NCDC ti kà ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 62,000, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó 200 mílíọ̀nù.

Ènìyàn méjì lè gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan á ní, "Ẹ ò rí i pé kò sí Kòrónà?" Èkejì á ní, "Ó wà, a kò tíì rí i ni." Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè parí àríyànjiyàn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó lè dá sí i.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jẹ́rìí

Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ ara ènìyàn, ara kì í káwọ́ lẹ́rán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ó máa ń pèsè èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó bá kòkòrò yẹn gan-an mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Antibody ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é; ọmọ ogun ara ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Ọmọ ogun tí ara kọ́ láti bá ibà pọ́njú jà kò mọ ojú Kòrónà, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó kọ́ láti bá Kòrónà jà kò mọ ojú ibà pọ́njú. Bí àrùn bá ti lọ tán, gbogbo wọn kọ́ ni ó ń tú ká. Díẹ̀ á ṣẹ́kù sójú ẹ̀ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, bí a bá bá ọmọ ogun Kòrónà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, a ó gbà pé Kòrónà ti dé ara rẹ̀ rí, ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀.

Àyẹ̀wò imú ń béèrè bóyá àlejò wà nínú ilé ní báyìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wo ilẹ̀ bóyá ipasẹ̀ àlejò wà níbẹ̀. Ipasẹ̀ náà sì lè pẹ́ kí ó tó parẹ́. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn arúgbó 32 tí wọ́n ti wà láyé nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ọdún 1918 jà káàkiri àgbáyé. Lẹ́yìn nǹkan bí 90 ọdún, ọmọ ogun tí ara wọn kọ́ ní èwe ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àrùn yẹn kan náà ni ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, tí ó sì bá ọkọ̀ ojú irin gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí òkè Ọya. Àwọn baba ńlá wa tí ó ṣe, tí wọ́n sì yè, gbé ẹ̀rí rẹ̀ kiri nínú iṣan wọn títí wọ́n fi wọ ilẹ̀ lọ, láìsí ẹni tí ó bi wọ́n.

Yábàá, láti ọdún 1925

Irú àyẹ̀wò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nígbà Kòrónà. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ sí Yábàá ní Èkó láti wádìí ibà pọ́njú, àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí ó sì ń pa àwọn òyìnbó àlejò ní ìpakúpa. Dókítà Henry Beeuwkes ni olórí wọn. Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé jọ tiwa ní ọdún 2020. Wọ́n mọ̀ pé àrùn náà wà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó ti ṣe ní kékeré kò lọ sí ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀, kò sì sí ìwé tí ó ní orúkọ wọn.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti ìlú kan dé òmíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà lè dáàbò bo ọ̀bọ lọ́wọ́ ibà pọ́njú. Nígbà tí ó yá, èkúté ni wọ́n ń lò dípò ọ̀bọ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé bá ti lè dáàbò bo ẹranko, wọ́n mọ̀ pé àrùn náà ti gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́. Ibi tí ó bá jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ó ti kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ ipa ọ̀nà tí ibà pọ́njú ti rìn. Iṣẹ́ náà mú ẹ̀mí lọ: ibà náà ni ó pa Dókítà Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní Èkó ní ọdún 1927.

Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Nàìjíríà, NIMR, tí ó wà ní Yábàá títí di òní, ka ìgbìmọ̀ yẹn sí orírun ara rẹ̀. NIMR yìí kan náà ni ó dara pọ̀ mọ́ NCDC ní ọdún 2020 láti lọ wo ohun tí Kòrónà ti ṣe nínú ilé àwọn ènìyàn.

Ohun tí wọ́n bá nílé

Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n yàn láti ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Èkó, Enugu, Nasarawa àti Gombe. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣa àwọn àdúgbò bí ẹni ń ṣẹ́ kèké, wọ́n sì ṣa ilé nínú àwọn àdúgbò náà lọ́nà kan náà. Ìdí wà fún èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó wù ni ó ń wá fún àyẹ̀wò, àwọn tí ara ń fu nìkan ni yóò wá, òdiwọ̀n a sì wọ́. Ẹni tí ó mọ ọjà í ná ní Ọjà Ọba kì í wo gaàrí tí ó wà lókè àpò nìkan. Ó ń ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀.

Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 10,000 ni ó gbà láti ṣe àyẹ̀wò náà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì tún fi òwú gba èyí tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá kòkòrò náà wà lára wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2021, NCDC kéde èsì. Ní Èkó àti Enugu, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ọmọ ogun Kòrónà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Nasarawa, ìdá 19 ni. Ní Gombe, ìdá 9 ni. Ó pọ̀ lára àwọn ọkùnrin ju àwọn obìnrin lọ, ó sì pọ̀ ní ìgboro ju abúlé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi iye àwọn ará Èkó sí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lo èyí tí ó kéré. Ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Iye àwọn tí wọ́n ti kà ní Èkó ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2020 jẹ́ nǹkan bí 21,000. Èyí já sí pé bí ẹ bá rí orúkọ ẹnìkan nínú ìwé, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni àrùn náà ti dé ara wọn. Ẹni tí ó ní "kò sí Kòrónà" àti ẹni tí ó ní "a kò tíì rí i ni" ti gba ìdájọ́ wọn.

Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní Sípéènì, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 60,000 láti inú ilé tí ó lé ní 35,000. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ní i, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kò sì rí àmì àìsàn kankan lára. Ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn pọ̀ sí ju tiwa lọ náà kò mọ ohun tí ó wà nínú ilé rẹ̀ àfi ìgbà tí ó kan ilẹ̀kùn.

Ìkòkò mélòó ni ó wà ní agbo ilé wa?

Kwara kò sí lára ìpínlẹ̀ mẹ́rin náà. Nasarawa ni a jọ wà ní ẹkùn kan, Àárín Gbùngbùn Àríwá. Síbẹ̀, bí mo ti ń ka bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, Gàmbàrí ni ọkàn mi ń lọ. Nínú ìkànìyàn àti irú ìwádìí báwọ̀nyí ní Nàìjíríà, ìdílé kan ni àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n sì ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà. Ìtumọ̀ yìí rọrùn ní ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ wá wò ó ní ọ̀dọ̀ wa.

Gàmbàrí jẹ́ ọ̀kan nínú àdúgbò àwọn Balógun mẹ́rin Ìlọrin: Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkóbì àti Àlànámú. Bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, àwọn Hausa ni a fi ń mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ti di elédè Yorùbá bí àwa yòókù. Nínú agbo ilé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni gbogbo wa ń gbà wọlé, kànga kan ni a ń fa omi rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ka ìkòkò méje. Ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ tùwó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní alẹ́ lè mu ẹ̀kọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn ọmọ mẹ́rin mìíràn sùn lórí ẹní kan náà. Àwọn ọmọ kéú ń ti ìta wá, wọ́n ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń jẹ níbi tí oúnjẹ bá ti kàn wọ́n. Ìdílé mélòó ni ẹ ó pe èyí? Bí olùwádìí bá kọ ìdílé méje sílẹ̀, kò parọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kò mọ ààlà ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń mí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé irú ilé tiwa ni àyẹ̀wò ojúlé-dé-ojúlé wúlò fún jù lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n ń sọ lórí rédíò pé kí ẹni tí ó bá ń wúkọ́ dá wà nínú yàrá tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Yàrá ta ni? Ẹni tí ó kọ ìmọ̀ràn yẹn kò mọ iye ènìyàn tí ń sùn nínú yàrá ìyá àgbà. Bí àwọn aláṣẹ bá mọ bí àrùn ṣe ń rìn nínú agbo ilé, ìmọ̀ràn tí ó bá agbo ilé mu ni wọn yóò fún wa.

Ní oṣù keje ọdún náà, àgbà kan nínú agbo ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Baba Áfáà, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní ibà ni. Wọ́n ṣe àgbo fún un, wọ́n ra oògùn ibà fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, mímí rẹ̀ yí padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Baba ti rékọjá. A sin ín ní ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti là á sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi òwú kan imú rẹ̀. Ní alẹ́, rédíò ka iye ọjọ́ náà, Baba kò sí nínú rẹ̀. Èmi kò sọ pé Kòrónà ni ó pa á. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tí yóò lè sọ ọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń kírun pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ṣì wà láàyè. Bí ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀kùn wa ní oṣù kẹwàá, ẹ̀jẹ̀ wọn ì bá tọ́ka sí ohun tí ó bẹ̀ wá wò.

Ikú àwọn àgbà pọ̀ ní Kano náà ní oṣù kẹrin ọdún yẹn. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn kan ní ooru ni. Ìjọba àpapọ̀ rán àwọn onímọ̀ lọ wádìí. Ní oṣù kẹfà, Mínísítà fún Ètò Ìlera nígbà náà, Dókítà Osagie Ehanire, kéde pé nínú ikú 979 tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kí Kòrónà wà nídìí ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó yí ikú wọn ká ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Òkú kò ṣeé bi léèrè mọ́.

Ohun tí ń ti ilẹ̀kùn

Ìyá kan tí ń ta wàrà ní àdúgbò wa sọ fún mi pé bí wọ́n bá dé, òun kò ní jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun.

"Ẹ̀jẹ̀ mi, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?" ni ó bi mí.

"Wọ́n á fi mọ ohun tí ó ń jà nílùú ni, Ìyá," ni mo dáhùn.

"Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán, ṣé wọ́n á padà wá sọ fún mi?"

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn, èyí tí ń mú ọrùn gan, ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò níbẹ̀. Nǹkan bí 200 ọmọ ni ó wà nínú ìdánwò náà. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Àwọn òbí ní wọn kò la ọ̀rọ̀ yé àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àwọn là á, àti pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà, oògùn kọ́. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Kano. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 2003, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya ti dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró nítorí ìfura, àrùn náà sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni ó fi hàn wá bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí. Nígbà tí àwọn ọba, àwọn áfáà àti àwọn obìnrin àdúgbò gba iṣẹ́ náà mọ́ra, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ìyá ọmọ mọ̀ ni ó ń gbé àjẹsára kiri láti ojúlé dé ojúlé, ó kẹ́sẹ járí. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Áfíríkà. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn olùwádìí Kòrónà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín

Bí irú àyẹ̀wò yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe lé wọn, ẹ má sì kàn na apá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìdánimọ̀ hàn yín. Ẹ béèrè bóyá Mágàjí tàbí Alángùá àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà wò, ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, àti bóyá orúkọ yín yóò wà lára rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n tú níṣojú yín. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ní láti fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn jẹ yín níyà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè ìyá oníwàrà: ṣé wọ́n á padà wá sọ èsì?

Bí èsì bá ní ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, kò túmọ̀ sí pé ẹ ń ṣàìsàn, kò sì túmọ̀ sí pé àrùn náà kò tún lè mú yín. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àyẹ̀wò yìí ní ààlà tirẹ̀. Ọmọ ogun ara máa ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù, nítorí náà ẹni tí ó ṣe é ní oṣù kẹrin lè má hàn mọ́ ní oṣù kẹwàá. Àwọn irú àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń ṣi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ti bá jà lemọ́lemọ́ mú fún ti Kòrónà; ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bí tiwa, àwọn onímọ̀ ní láti kọ́kọ́ dán àyẹ̀wò wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 2021 tí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà bíi mílíọ̀nù mẹ́rin kọ́kọ́ balẹ̀ sí Nàìjíríà, wọ́n tún ní láti máa ya ọmọ ogun tí abẹ́rẹ́ kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí àrùn fúnra rẹ̀ kọ́.

Ẹ̀yin onímọ̀ náà, ọ̀rọ̀ mi kàn yín. Ẹ rán ẹni tí ó gbọ́ èdè wa sí wa. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà. Ẹ ka ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ìkòkò nígbà tí ẹ bá ń ka ìdílé. Bí èsì bá jáde, kí ó má parí sí Abuja. Ẹ gbé e padà wá sí agbo ilé tí ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá oníwàrà yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá rí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí ni yóò ṣílẹ̀kùn lọ́la.

Ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ọ̀pọ̀ ìpasẹ̀ rẹ̀ ti parẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wa, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ti bo àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Ohun tí a kò béèrè ní ọdún 2020 ti ń ṣòro láti béèrè nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ní agbo ilé wa, a ti ra ìwé kan, ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó ilé tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ibà bá dá dúbúlẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹni tí ó bá wúkọ́ di ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí ó bá kú, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń sùn: gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ síbẹ̀. Owó ìwé náà kò tó ti ìṣù wàrà méjì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé tiyín, kí ẹ sì fi sí ibi tí òjò kò ti ní pa á.